Bí dídá iṣẹ́ dúró ṣe ń mú iṣẹ́ yá ní ilé iṣẹ́ Toyota

Òfin kan wà nílé iṣẹ́ ọkọ̀ láyé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í bá ọ̀gá jiyàn lé lórí: ìlà iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró. Láti ìgbà tí Henry Ford ti gbé férémù ọkọ̀ sórí ìlà tó ń rìn ní Highland Park, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní 1913, ni òfin náà ti rinlẹ̀. Òṣìṣẹ́ dúró sójú kan, iṣẹ́ ló ń wá bá a. Férémù Model T kan tó ń gbà ju wákàtí 12 lọ kí wọ́n tó tò ó tán wá di ohun tí wọ́n ń parí láàárín wákàtí kan ààbọ̀ tàbí bẹ́ẹ̀. Bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá dúró, gbogbo èèyàn tó wà nídìí ẹ̀ náà dúró nìyẹn, owó iṣẹ́ wọn sì ń lọ. Torí náà, bí bóòtù kan bá kọ̀ tí kò wọlé dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn á tún un ṣe.

Ìwà òmùgọ̀ kọ́ o. Ẹni tó bá fi owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìlà bá dúró ṣe ìṣirò, ohun tó máa sọ náà nìyẹn. Ohun tí kò sí nínú ìṣirò náà ni iye tí àtúnṣe máa ń gbà. Bóòtù tí kò fún, tí wọ́n bá rí i lójú ẹsẹ̀, sípánà kan àti ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó fún un. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá ti rìn jìnnà, wọ́n á ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e, wọ́n á ti de àga mọ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ dé ìdí bóòtù yẹn á tún gbogbo ẹ̀ tú. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èyí tó wá burú jù ni pé owó àtúnṣe náà kì í hàn lọ́rùn ẹni tó jẹ́ kí àlébù kọjá. Ẹ̀ka mìíràn ló ń san án, ní yáàdì tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tó lábùkù sí. Máníjà tó ń darí ìlà á gba oríyìn pé iye ọkọ̀ pé. Mo gbà pé ìdí nìyẹn gan-an tí òfin náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń jẹ èrè ẹ̀ kọ́ ló ń san gbèsè ẹ̀.

Ìdílé ahunṣọ ni àwọn tó yí i padà ti wá. Sakichi Toyoda, ará Japan, ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tí wọ́n parí ní 1924, tó máa ń dá ara ẹ̀ dúró bí fọ́nrán òwú kan bá já. Ẹ̀rọ tí kò ní irú ọgbọ́n yìí á kàn máa hun lọ ni, aṣọ tó lábùkù á sì máa jáde gbọọrọ títí ẹnì kan á fi kíyè sí i, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ dúró tì í. Èyí tó ń dá ara ẹ̀ dúró kò fẹ́ olùṣọ́. Ẹnì kan lè bójú tó ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1929, ilé iṣẹ́ Platt Brothers ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é. Kiichiro, ọmọ Sakichi, ló dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota sílẹ̀, tí wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1937. Taiichi Ohno, tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ ìdílé náà kó tó bọ́ sídìí ọkọ̀ ní 1943, ló wá fi ọgbọ́n ẹ̀rọ ìhunṣọ yìí sọ́wọ́ òṣìṣẹ́: ẹni tó bá rí àlébù, kó dá iṣẹ́ dúró.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọ́n fa àmì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà láti fi ibi tí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí hàn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni ọkọ̀ ń lò láàárín àmì méjèèjì. Okùn kan gba òkè orí wọn kọjá (bọ́tìnnì ló ti rọ́pò ẹ̀ níbòmíràn). Òṣìṣẹ́ tó bá rí i pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ á fà á. Iná yẹ́lò á tàn lórí bọ́ọ̀dù ńlá, nọ́ńbà ibi tí ọ̀rọ̀ wà á yọ, orin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìlà kò tíì dúró o. Ibẹ̀ làwọn tó máa ń ròyìn Toyota sábà máa ń fò kọjá. Olórí ikọ̀, tí kì í ju èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà lọ lábẹ́ ẹ̀, á sáré dé. Bí àwọn méjèèjì bá rí i tún ṣe kí ọkọ̀ tó dé àmì kejì, wọ́n á tún okùn fà, iná á kú, iṣẹ́ ń lọ. Bí kò bá bọ́ sí i, iná á di pupa, abala yẹn nìkan ló máa dúró. Ọkọ̀ díẹ̀ máa ń wà láàárín abala kan sí èkejì, tí àwọn tó wà níwájú á fi rí nǹkan ṣe fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá fa okùn, ìlà kì í dúró rárá.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè. Kí ló dé tí bóòtù ò wọlé? Ihò ò bá ara mu. Kí ló dé? Irin náà wọ́ nígbà tí wọ́n ń jó o. Kí ló dé? Ohun tó yẹ kó di irin mú ti jẹ. Nígbà tí wọ́n bá béèrè bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó ṣòro kí wọ́n má kan ohun tó fà á, ẹni tí wọn kì í sì í sábà bá níbẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó fa okùn.

Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà. General Motors, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá kan níbẹ̀, ti ilé iṣẹ́ ẹ̀ kan pa ní Fremont, ní California, ní 1982. Àìwásíṣẹ́ àti ìjà àwọn ọ̀gá pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti sọ ibẹ̀ di ibi ìtìjú. Ní 1984, òun àti Toyota jọ ṣí i padà, wọ́n sọ ọ́ ní NUMMI. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n gbà padà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà, inú ilé kan náà. Wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn lọ sí Japan lọ kọ́ṣẹ́. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ wọn fi ń bá ti Japan dọ́gba, tí àìwásíṣẹ́ sì wálẹ̀ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n General Motors ò rí i gbé dé àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀ tó kù bọ̀rọ̀. Okùn kò wọ́n, èèyàn lè rà á lọ́jà. Níbi tí owó àjẹmọ́nú máníjà bá ṣì ń tẹ̀lé iye ọkọ̀ tó jáde, ẹni tó bá fa okùn, ariwo ni wọ́n máa pa lé e lórí, kò sì ní fà á lẹ́ẹ̀kejì. Níbi tí olórí ikọ̀ bá sì ń ṣọ́ èèyàn ọgbọ̀n, kò lè débẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ìlà á dúró lóòótọ́, òfin àtijọ́ á wá jàre.

Toyota alára kò bọ́ lọ́wọ́ òfin tó ń darúgbó. Wọ́n ti kọ́ ayé pé ẹrù tó kún sitóò, owó tó sùn ni, kí bóòtù dé lọ́jọ́ tí wọ́n máa lò ó. Ní February 1997, iná jó ilé iṣẹ́ Aisin ní Kariya, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà bíréèkì kékeré kan. Èyí tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ Toyota kò tó iṣẹ́ ọjọ́ kan, iṣẹ́ sì dúró káàkiri àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní Japan fún ọjọ́ mélòó kan, títí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn fi bá wọn rọ ọ́. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ March 2011, wọ́n yẹ òfin náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i: wọ́n ní kí àwọn tó ń kó chip kọ̀ǹpútà wá fún wọn máa tọ́jú èyí tó lè tó wọn fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí chip wọ́n káàkiri ayé ní 2021, àwọn tó ti ń wo àwòkọ́ṣe Toyota ló kọ́kọ́ dá iṣẹ́ dúró. Ìgbà tó di September ọdún náà ni Toyota tó wá dín iye ọkọ̀ tó fẹ́ ṣe kù ní ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún.