Kí Ló Dé Tí Bọ́ọ̀lù Tí Mo Yà Kò Wúwo? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Tí À Ń Ya Kàtúùnù ní Àkúrẹ́

Àwa tí à ń ya kàtúùnù ní Àkúrẹ́ láìjẹ́ pé òun là ń jẹ kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n a ń pọ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA wà nínú wa, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Arákalẹ́ wà, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Alágbàká náà wà, tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ló ń ráyè. Bí a bá jókòó pọ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde. Mo kó àwọn tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú jọ síbí.

Ìbéèrè: Mo ya bọ́ọ̀lù tó ń ta lórí ilẹ̀. Àwòrán kọ̀ọ̀kan dára, ó rí roboto, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó máa lọ, ńṣe ló ń léfòó bí ẹni pé inú omi ló wà. Kí ló fà á?

Àlàfo ló fà á. Ẹ to gbogbo àwòrán náà lé ara wọn kí ẹ lè rí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀. Bọ́ọ̀lù gidi kì í já bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ń já bọ́, bó ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ló ń yára sí i, nítorí náà àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún mọ́ra lókè, kó sì jìnnà síra nísàlẹ̀.

Galileo, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1638. Tí ẹ bá pín àkókò tí nǹkan fi já bọ́ sí ọgbọọgba, tí ọ̀nà tó rìn nínú ìpín kìn-ín-ní bá jẹ́ 1, ti ìkejì á jẹ́ 3, ti ìkẹta á jẹ́ 5, ti ìkẹrin á jẹ́ 7, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ẹ mú ìwé gíráàfù, kí ẹ sàmì sí ibi tí bọ́ọ̀lù wà lókè. Ẹ ka àpótí 1 sísàlẹ̀, ẹ yà á. Ẹ ka 3, ẹ yà á. Lẹ́yìn náà 5, 7, 9 àti 11. Àpótí 36 lẹ ti kà yẹn, bọ́ọ̀lù ti kanlẹ̀. Sinimá máa ń lo fíréèmù 24 (fíréèmù ni àyè kọ̀ọ̀kan tí àwòrán fi ń hàn lójú) fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ ayàwòrán sì máa ń fi àwòrán kan di fíréèmù méjì kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni bọ́ọ̀lù yín fi já. Ìwọ̀n àkókò tí nǹkan fi ń já láti nǹkan bíi mítà 1.2 náà nìyẹn, bí ẹni pé ẹ jù ú sílẹ̀ láti àyà yín.

Tó bá ń padà lọ sókè, ẹ yí ìṣirò náà padà: àlàfo ńlá ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kí àwòrán sì máa fún mọ́ra bó ṣe ń gòkè. Ibi tó fún mọ́ra lókè yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń yọ àwòrán kúrò, wọ́n rò pé kò wúlò nítorí pé ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ wọ́n. Àwọn ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù dúró díẹ̀ lókè kó tó padà wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ títẹ̀ àti nínà ńkọ́, ìyẹn kí bọ́ọ̀lù tẹ̀ bó bá kanlẹ̀, kó sì nà bó bá ń yára? Ní 1981, Frank Thomas àti Ollie Johnston, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Disney, to ìlànà 12 sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Títẹ̀ àti nínà ló wà lókè pátápátá, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi ń sáré lọ bá a. Ní tèmi, ẹ pa á tì ná. Bọ́ọ̀lù tí àlàfo rẹ̀ tọ́ á wúwo láìtẹ̀ rárá. Èyí tí àlàfo rẹ̀ kò tọ́, tẹ ìbáà tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kò ní wúwo. Ọjọ́ tí ẹ bá sì máa tẹ̀ ẹ́, ẹ rántí pé bó bá ṣe kúrú sí ló gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò dín.

Ìbéèrè: Títa kejì àti ìkẹta ńkọ́? Ibo ni kó dé?

Ó wà lọ́wọ́ irú bọ́ọ̀lù tó jẹ́, àtètèkọ́ṣe sì ni kí ẹ pinnu rẹ̀. Òfin tẹ́nìsì àgbáyé ní kí bọ́ọ̀lù wọn tó wọ́pọ̀, tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 254, ta padà sókè dé 135 sí 147, ìyẹn ni pé ó fi díẹ̀ lé ní ìdajì. Ọsàn kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ta. Bọ́ọ̀lù onírin tó bọ́ sórí yẹ̀pẹ̀ á kàn dún gbì ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni àkókò. Wọ́n á dín gíga kù, wọ́n á sì fi iye fíréèmù sílẹ̀ bó ṣe wà, bọ́ọ̀lù á wá fúyẹ́ láti títa kejì lọ. Tí gíga bá di ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀, ìdajì àkókò ni kó lò.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n ní kọ̀ǹpútà?

Rárá. FlipaClip, áàpù tí a fi ń ya kàtúùnù, wà lórí fóònù. Fún ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà, Krita, Pencil2D, OpenToonz àti Blender kò gba kọ́bọ̀. Níbi tí iná kò bá sì sí, igun ìwé yín tó, kí ẹ ya bọ́ọ̀lù sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àtàǹpàkò ṣí i wàràwàrà. Mo fẹ́ràn èyí fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí bọ́tìnnì tó máa yà á fún yín.

Ìbéèrè: Bọ́ọ̀lù mi ti wúwo báyìí. Kí ló kàn?

Gígún iyán. Mo mọ̀ pé ìrìn ènìyàn ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìrìn le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ méjì, apá méjì, ìbàdí, kálukú ń lọ lákòókò tirẹ̀. Gígún iyán ní ohun kan ṣoṣo tó wúwo, tó ń lọ sókè sódò lójú kan náà. Àwa ará Oǹdó sì ti ń wò ó láti kékeré. Tí ó bá ṣì níbì kan, ojú yín á ti mọ̀ kí ẹ tó mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ lọ bá ìyá olóúnjẹ kan, ẹ kí i dáadáa, ẹ tọrọ àyè kí ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ dé ilé kí ẹ máa wo fídíò náà ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ odó tó gbéra, orúnkún obìnrin náà á kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀. Ìmúra nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ̀yìn á nà, gìgísẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀, ọmọ odó á máa gòkè ní pẹ̀lẹ́, torí agbára apá ló ń gbé e. Lókè, á dúró fún ìwọ̀nba fíréèmù. Tó bá ń bọ̀, kì í ṣe pé ó kàn ń já, apá ń tì í wálẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ó yára ju bọ́ọ̀lù tó ń já fúnra rẹ̀ lọ. Bó bá ti kan iṣu, ọmọ odó dúró, ṣùgbọ́n ara obìnrin náà kò tíì dúró: ìgúnpá ṣì ń tẹ̀, orí ṣì ń lọ sísàlẹ̀, yẹtí rẹ̀ àti ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní fíréèmù mélòó kan lẹ́yìn.

Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Nígbà tí iṣu ṣì wà ní ègé, ọmọ odó ń fọ́ ọ, ó sì ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí iyán bá ti ń kúnná, á di ọmọ odó mú. Ẹ ó rí i pé ọwọ́ ti gbéra, èjìká ti gòkè, síbẹ̀ orí ọmọ odó ṣì wà nínú iyán fún fíréèmù kan tàbí méjì kó tó já gbà. Ẹ ya fíréèmù méjì yẹn dáadáa, ẹni tó bá ń wò ó á mọ̀ pé iyán náà ti kúnná, kódà kí ẹ má ya iyán ọ̀hún rárá.

Tí ẹ kò bá mọ iye tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ẹ dán fíréèmù 10 wò fún gbígbé, 2 fún dídúró lókè, 4 fún bíbọ̀ wálẹ̀, kí ẹ wá máa tún un ṣe. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí lílọ àti bíbọ̀ gba iye kan náà.

Ìbéèrè: Ṣé wíwo fídíò láti fi yàwòrán kì í ṣe ìrẹ́jẹ?

Kì í ṣe ìrẹ́jẹ, ojú nìkan kò tó. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ti ń ya ẹṣin tó ń sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì nínà síwájú, méjì nínà sẹ́yìn, tí gbogbo wọn kúrò nílẹ̀. Ní 1878, ní California, Eadweard Muybridge to kámẹ́rà 12 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì ya ẹṣin bó ṣe ń kọjá. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ ikùn ni, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n nà. Ẹ lọ wo àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600: ẹni tó ti rẹ̀ á máa fi ọwọ́ ti orúnkún ara rẹ̀ kó lè dìde sí èyí tó kàn. Ohun téèyàn ń wò ló fi ń kọ́ nìyẹn. Ìlà fídíò ni kí ẹ má tẹ̀ lé gẹ́lẹ́.

Ìbéèrè: Mo ń fi iṣẹ́ mi han ọ̀pọ̀ ènìyàn. Gbogbo wọn ní ó dáa. Kí ló dé tí n kò tẹ̀síwájú?

Torí pé ẹ fi hàn wọ́n nígbà tó ti parí. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ tí ẹ ti kùn, tí ẹ ti fi orin sí, kò ní fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́, á kí yín kú iṣẹ́, á lọ. Ẹ fi hàn nígbà tó ṣì jẹ́ ìlà pẹ́ńsù, tí yíyí i padà kò tíì dun ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ nọ́ńbà fíréèmù sí igun rẹ̀ kí ẹni tó ń wò lè tọ́ka síbì kan pàtó. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúméǹtì, torí fídíò lásán máa ń di bàìbàì. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun kí wọ́n tó wò ó tán. Tí ẹ bá ti sọ pé “ọkùnrin yìí gbé àpò sìmẹ́ǹtì,” wọ́n á rí sìmẹ́ǹtì yálà ó wúwo tàbí kò wúwo. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: “Kí ni ẹ rò pé ó gbé?”

Àbúrò wa kan ya ọlọ́kadà tó gbé èrò kan sẹ́yìn, tí wọ́n ń gun bọ́ńpù. Gbogbo wa mọ̀ pé nǹkan kan ṣì, kò sẹ́ni tó rí i mú, títí ẹnìkan fi sọ pé, “Ní fíréèmù 14, ọ̀kadà sọ, èrò náà sọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.” Àbúrò náà fa èrò náà sẹ́yìn ní fíréèmù méjì péré. Ọ̀kadà gbéra, èrò wá tẹ̀ lé e, ó kúrò lórí ìjókòó, ó sì padà balẹ̀. Gbogbo wa pariwo. Irú àríwísí bẹ́ẹ̀ ló ń tún iṣẹ́ ṣe: nọ́ńbà kan, ohun tí ojú rí, ó parí.

Ìbéèrè: Tí ẹni tó ni iṣẹ́ bá jù mí lọ ńkọ́? Ṣé kò ní dà bí àfojúdi?

Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń wọ́, àgbà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má sọ irú ènìyàn tó jẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo fíréèmù 20 sí 26, ó ń ṣe mí bíi pé ẹsẹ̀ yẹn ń yọ̀ lórí ilẹ̀.” Kò sí àfojúdi níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹrù àgbà ló wúwo jù níbí. Tí ẹ̀gbọ́n bá ti kọ́kọ́ sọ pé ó dára, àbúrò wo ló máa ní kò dára? Níbi tí àwa ń jókòó sí, ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n á gbẹ̀yìn. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá máa ń rí ohun tó ti mọ́ àwa lójú jù láti rí.

Tí ẹ bá fẹ́ ya àtúnṣe lé iṣẹ́ ẹlòmíràn lórí, ẹ tọrọ àyè, kí ẹ sì yà á sórí ìpele ọ̀tọ̀ (layer) tí ẹni tó ni iṣẹ́ lè pa rẹ́.

Ìbéèrè: Ẹnìkan ní kí n fi kún un, ẹlòmíràn ní kí n dín in kù. Ta ni kí n gbọ́?

Tí àwọn méjèèjì bá tọ́ka sí ibì kan náà, ibẹ̀ ni kò tọ́. Ẹ gba ibi tí wọ́n tọ́ka sí, kí ẹ fúnra yín wá oògùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ padà sídìí fídíò.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n fi iṣẹ́ kan sílẹ̀?

Nígbà tó bá ti kọ́ yín ní ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà fún ìwúwo. Tí ẹni mẹ́ta tí ẹ kò sọ nǹkan kan fún bá lè sọ pé tẹ́nìsì ni tàbí ọsàn ni, ó tó. Ẹ má kùn ún. Ẹ kọ déètì sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ ya òmíràn tó ní ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́yìn: bọ́ọ̀lù á máa ta bíi ti tẹ́lẹ̀, ìdí ìrù á tẹ̀ lé e, ṣóńṣó ìrù á sì gbẹ̀yìn gbogbo wọn.