Bí abẹ́rẹ́ itan ọmọdé ṣe ń lé dìfitíríà nílẹ̀ Òkun

Bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ ní Kàbà tàbí Ìsánlú, bẹ̀lúbẹ̀lú ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè é. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, tí wọ́n rí nǹkan bí awọ eérú tó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, tí ọrùn ọmọ sì wú, ó lè jẹ́ dìfitíríà, àrùn ọ̀fun tí abẹ́rẹ́ ń dènà; ilé ìwòsàn ló kàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ha awọ náà o, ẹ̀jẹ̀ ló máa ń dà.

Kòkòrò dìfitíríà kì í sábà kọjá ọ̀fun àti imú. Oró tó ń tú jáde ló ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ọkàn. Oró yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́: wọ́n á fi oògùn pa agbára rẹ̀, ìrísí rẹ̀ nìkan ló máa kù, ara ọmọ á sì kọ́ bí yóò ṣe dá a mọ̀. Gaston Ramon, ará Faransé, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1923.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ń gún un sí itan, pọ̀ mọ́ ti ipá, ikọ́ àwúbì àti àrùn méjì mìíràn. Èyí àkọ́kọ́ kàn fi oró náà han ara ni. Ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta ló ń sọ ọ́ di ìmọ̀ tí ara kò ní tètè gbàgbé. Ẹ̀kẹta yìí gan-an ni àwọn ìyá máa ń fò, pàápàá bí iṣẹ́ oko bá ti dé.

Ààbò tí abẹ́rẹ́ ń fúnni kì í dúró lórí ọmọ kan. Ikọ́ àti sísín aláìsàn ló ń gbé kòkòrò kiri, nítorí náà bí àwọn tó gba abẹ́rẹ́ pé bá pọ̀ ládùúgbò, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò tíì tó gún náà rí ààbò jẹ nínú rẹ̀. Àjàkálẹ̀ dìfitíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní òpin 2022, Kánò ló ti burú jù, ọkọ̀ ìhà àríwá sì ń gba Lọ́kọ́ja kọjá lójoojúmọ́.

Ooru ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù fún abẹ́rẹ́ yìí, síbẹ̀ dídì ló ń tètè bà á jẹ́. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ wà. Bó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan, agbára rẹ̀ ti lọ, kódà bó bá tún yọ́. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbé kúlà gun ọ̀kadà lọ sí abúlé kì í kó yìnyín inú ike sí i bó ṣe ń jáde nínú fíríìsà. Á gbé e sílẹ̀ kó láàgùn, á mì í létí. Bí omi kò bá tíì dún nínú rẹ̀, kò tíì yá.