Gbígbin ilé ọmọ

Gbígbin ilé ọmọ ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ ilé ọmọ lára obìnrin kan, alààyè tàbí òkú, tí wọ́n sì ń gbé e sínú obìnrin mìíràn tí kò ní tàbí tí tirẹ̀ kò lè gbé oyún dúró. Kì í wà lára títí láé: lẹ́yìn ọmọ kan tàbí méjì, wọ́n á yọ ọ́.

Àwọn tó nílò rẹ̀

Àìsàn MRKH ni kí wọ́n bí obìnrin láìní ilé ọmọ, nǹkan bí ẹnì kan nínú 5,000. Àmọ́ ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, ọ̀ràn mìíràn tún wà tí kò yẹ kí a fojú kéré. Bí ìrọbí bá pẹ́ jù lábúlé Ìgbómìnà tí ilé ọmọ fi fàya, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kọ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ, yíyọ ilé ọmọ lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ̀mí ìyá fi máa là. Ìju tó burú náà lè fa yíyọ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Wọ́n á kọ́kọ́ fi IVF, ìyẹn dída ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara, da ẹyin obìnrin náà pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀, wọ́n á fi ọlẹ̀ pamọ́ sínú òtútù líle. Wọn kì í so ọ̀nà tí ẹyin ń gbà mọ́ ilé ọmọ tuntun, nítorí náà ìbálòpọ̀ kò lè mú oyún wá; ọlẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ ni wọ́n á gbé sínú rẹ̀.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ ti le jù. Àwọn iṣan ilé ọmọ tín-ín-rín, wọ́n sì fara mọ́ ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti kíndìnrín. Títú wọn lára alààyè lè gbà ju wákàtí 10 lọ. Wọ́n á wá rán wọn mọ́ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ní Jeddah, ní Saudi Arabia, lọ́dún 2000, ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yọ ilé ọmọ náà lẹ́yìn ọjọ́ 99.

Obìnrin náà á máa lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara kọ ẹ̀yà àlejò, bíi tacrolimus. Mycophenolate, oògùn mìíràn irú rẹ̀, lè ba ọmọ inú jẹ́, a gbọ́dọ̀ dá a dúró ṣáájú oyún. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí.

Ìtàn

Ní Sweden, oníṣègùn Mats Brännström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí láti ilé ọmọ tí wọ́n gbìn ní oṣù kẹsàn-án 2014. Ẹni ọdún 61 ló fi ilé ọmọ sílẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ láti ilé ọmọ òkú dé ní Brazil ní 2017.

Ẹ̀sìn àti òfin

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe pàtàkì ní Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ Sunni kò gba kí obìnrin mìíràn gbé oyún fún tọkọtaya. Àmọ́ ìpinnu Ìgbìmọ̀ Fíkíhì (òfin Ìsìláàmù) Àgbáyé ní 1990 ka gbígbin ilé ẹyin obìnrin àti kórópọ̀n léèwọ̀ torí ìran tí wọ́n ń gbé, ó sì fàyè gba ẹ̀yà ìbímọ tí kì í gbé ìran, yàtọ̀ sí ojú ara. Ilé ọmọ bọ́ sí ìpín tí wọ́n fàyè gbà yìí. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 béèrè ìfọwọ́sí nínú ìwé láti ọ̀dọ̀ alààyè tó bá fẹ́ fi ẹ̀yà ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ka títà rẹ̀ sí ọ̀ràn.