Káàdì Debit: Àmì Wo Ló Ń Ṣí Ilẹ̀kùn Wo?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wá sí ìdí tábìlì mi ní báńkì ló máa ń sọ pé, "Owó mi wà nínú káàdì yìí." Mo máa ń fi sùúrù tún un ṣe fún wọn, nítorí pé gbólóhùn kékeré yẹn ló ń bí ọ̀pọ̀ àṣìṣe tó ń tẹ̀ lé e. Inú àkáǹtì lowó wà. Kọ́kọ́rọ́ ni káàdì jẹ́, ẹni tó bá sì sọ kọ́kọ́rọ́ nù kò tíì pàdánù ilé, bí ó bá tètè pààrọ̀ àgádágodo. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ yìí ń ṣí ju ẹyọ kan lọ. Ó ń ṣí ti ẹ̀rọ tí a ń ki káàdì bọ̀, ó ń ṣí ti ẹ̀rọ tí a kàn ń fi káàdì kàn, ó sì ń ṣí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí káàdì náà sójú. Àmì tó ń ṣí ọ̀kan kọ́ ló ń ṣí èkejì, ohun tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn.

Káàdì debit ni mò ń sọ, èyí tó ń ná owó tí ẹ ti fi sí àkáǹtì fúnra yín. Káàdì credit máa ń ná owó báńkì, gbèsè sì ni ẹ ó padà san, pẹ̀lú èlé bí ẹ bá jẹ́ kí ọjọ́ kọjá lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí olè bá lo káàdì ni ìyàtọ̀ yìí máa ń hàn kedere: bí ó bá jẹ́ debit, owó yín gan-an ló ti jáde, ẹ̀yin lẹ ó sì máa dúró títí ìwádìí yóò fi parí.

Nọ́ńbà gígùn tó wà lára káàdì, tó sábà máa ń jẹ́ ẹyọ 16, yàtọ̀ sí nọ́ńbà àkáǹtì yín. Ẹyọ àkọ́kọ́ ń sọ iléeṣẹ́ tó ń gbé ìsanwó náà láti báńkì kan dé òmíràn: 4 ni ti Visa, Mastercard sì ń fi 5 tàbí 2 bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e ń tọ́ka sí báńkì tó fún yín ní káàdì. Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ìṣirò lásán ni a fi ń yọ ọ́ jáde lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ìṣirò tí Hans Peter Luhn, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ (patent) lé lórí lọ́dún 1960. Òun ló ń jẹ́ kí ìkànnì kan lè sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ pé nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ kò tọ̀nà, kí ó tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ báńkì, nítorí pé ẹyọ kan péré tí ẹ bá ṣì tẹ̀ ti tó láti da ìṣirò náà rú. Ọjọ́ tí káàdì yóò parí, tó wà nítòsí nọ́ńbà yìí, ń ka oṣù náà mọ́ ara rẹ̀: káàdì tí a kọ 09/28 sí lára yóò ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹsàn-án ọdún 2028.

Ẹ yí káàdì padà. Ìlà dúdú tí ẹ ń wò yẹn ni mo fọkàn tán kéré jù lára káàdì. Ohun tí a kọ sínú rẹ̀ kì í yí padà láti ọjọ́ tí a ti ṣe káàdì náà, nítorí náà olè tó bá lẹ ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ẹnu ibi tí a ń ki káàdì bọ̀ lè da gbogbo rẹ̀ kọ, kí ó sì gbé e sára káàdì òfìfo. Chip, irin pẹlẹbẹ aláwọ̀ wúrà tàbí fàdákà tó wà níwájú, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kọ̀ǹpútà kékeré ni. Ìlànà EMV tó ń tẹ̀ lé gba orúkọ lára Europay, Mastercard àti Visa, àwọn iléeṣẹ́ káàdì mẹ́ta tó jọ ṣètò rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan wà nínú chip tí kì í jáde síta. Bí ẹ bá ki káàdì bọ ẹ̀rọ POS, ẹ̀rọ náà yóò sọ iye owó àti àwọn nǹkan mìíràn nípa ìsanwó náà fún chip, chip yóò fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò lórí wọn, yóò sì mú àmì kan jáde tó wúlò fún ìsanwó ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan. Ẹni tó bá jí àmì náà gbé kò rí nǹkan kan gbé, nítorí pé báńkì yóò kọ̀ ọ́ nígbà kejì. Bí olùtajà bá fẹ́ fa ìlà dúdú káàdì yín nínú ẹ̀rọ tó ní àyè chip, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ki í bọ̀ ọ́ dípò.

Bí ẹ bá rí àwòrán ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ bí ìgbì lára káàdì, ó túmọ̀ sí pé ẹ lè fi káàdì kan ẹ̀rọ láìkì í bọ̀ ọ́. Chip kan náà ló ń ṣiṣẹ́, káàdì sì gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sí ẹ̀rọ. Ewu ibẹ̀ ni pé wọn kì í béèrè PIN bí owó bá kéré, nítorí náà ẹni tó bá he káàdì yín lè fi ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ báńkì gbà yín láyè láti pa á tàbí láti dín iye rẹ̀ kù lórí áàpù wọn.

PIN ni gbogbo ènìyàn mọ̀. John Shepherd-Barron, tó ṣe ẹ̀rọ apọwó tí báńkì Barclays ṣí ní Enfield, ní London, lọ́jọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1967, ròyìn pé ẹyọ mẹ́fà ni òun kọ́kọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìyàwó òun sọ pé mẹ́rin ni òun lè rántí. Ẹyọ mẹ́rin ń fúnni ní ọ̀nà 10,000 péré, ohun tó sì ń dáàbò bò ó ni pé ọ̀pọ̀ báńkì ń ti káàdì pa lẹ́yìn àṣìtẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá fi ọdún ìbí rẹ̀ ṣe PIN ti fún olè ní ìdáhùn láàárín ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ nìyí. Ẹyọ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì, tí a ń pè ní CVV, kò sí nínú ìlà dúdú, kò sì sí nínú chip. Ẹni tó bá ní káàdì lọ́wọ́ nìkan ló yẹ kó rí i kà, òun la sì fi ń jẹ́rìí níbi tí ẹ̀rọ kò ti rí káàdì. Ìlànà ààbò àwọn iléeṣẹ́ káàdì kò gba olùtajà láyè láti tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́ sí ìsanwó. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà gígùn, ọjọ́ ìparí àti CVV lè ra ọjà lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì láìmọ PIN yín rárá. Síbẹ̀, mo ti rí àwọn ènìyàn tí kò jẹ́ sọ PIN wọn fún ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n sì ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ fi owó ṣọwọ́ sí wọn. Ẹni tó fẹ́ fún yín lówó kò nílò káàdì yín. Nọ́ńbà àkáǹtì ló nílò. Nọ́ńbà OTP, nọ́ńbà ìlò ẹ̀ẹ̀kan péré tó ń wọlé sórí fóònù, ni àgádágodo tó kù níbi tí ìkànnì bá ti ń béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá pè yín pé kí ẹ ka OTP fún òun, kódà bí ó bá pe orúkọ yín pé, olè ni.

Nípa lílò ojoojúmọ́, nǹkan méjì ló sábà máa ń dẹ́rù ba àwọn oníbàárà. Àkọ́kọ́ ni owó tí òtẹ́ẹ̀lì tàbí ẹ̀rọ epo ọkọ̀ dè mọ́lẹ̀: kò tíì kúrò ní àkáǹtì, ṣùgbọ́n ẹ kò lè ná an títí wọn yóò fi tú u sílẹ̀ tàbí gba iye tó tọ́. Èkejì ni kí ẹ̀rọ kọ̀ láti pọ owó, kí báńkì sì ti yọ ọ́. Ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde, ẹ kọ àkókò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun báńkì tó fún yín ní káàdì, kì í ṣe báńkì tó ni ẹ̀rọ. Bí ẹ bá wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn tí POS sì bi yín bóyá ẹ fẹ́ san án ní owó ilé yín, ẹ yan owó ibẹ̀, nítorí pé iye pàṣípààrọ̀ tí ẹ̀rọ náà bá lò sábà máa ń gbówó lórí ju ti báńkì yín lọ.

Bí káàdì bá sọnù, ẹ kọ́kọ́ tì í pa lórí áàpù, lẹ́yìn náà kí ẹ pe báńkì. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù wọn síbòmíràn láti òní lọ, nítorí pé ẹ̀yìn káàdì tó sọnù yẹn gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.