Ìbọ̀wọ́ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ìgbà tó yẹ kí a ta ìràwọ̀ nínú béèsìbọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà

Bí wọ́n ṣe ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù kọ́ la fẹ́ sọ níbí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó ṣáà ti mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan ń ju bọ́ọ̀lù, ìkejì ń fi igi gbá a, èyí tó bá sì fò kọjá ògiri pápá ni hóòmù-rọ́ọ̀nù. Nínú eré orí kọ̀ǹpútà bíi Out of the Park Baseball, tí Markus Heinsohn ará Jámánì kọ́kọ́ gbé jáde ní 1999, olùdarí ẹgbẹ́ lèèyàn jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rà, kó tà, kó ṣe pàṣípààrọ̀. Kọ̀ǹpútà ni yóò gbá bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùdarí ti ń ṣìnà ni pé igi ni wọ́n ń wò. Ìràwọ̀ gbá hóòmù-rọ́ọ̀nù 38 lésìí, ó gbá 36 lọ́dún yìí, wọ́n ní ara rẹ̀ ṣì le. Ọdún tó bá wá gbá 22, wọ́n sáré gbé e lọ sọ́jà. Ta ni yóò rà á? Nọ́ńbà tí wọ́n rí ni gbogbo líìgì rí.

Àgbẹ̀ tó bá kó iṣu pamọ́ ní Sábẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí ìgbà ọ̀wọ́n ṣe ń sún mọ́lé, owó iṣu ń gòkè, títí iṣu tuntun á fi dé. Ṣùgbọ́n bí owó ṣe ń gòkè, iṣu náà ń fúyẹ́: omi ara rẹ̀ ń gbẹ, orí rẹ̀ sì ń hù. Orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á gbé iṣu, á fi ọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀, á wo ikùn rẹ̀ bóyá ó tóbi. Ẹni tó gbìn ín, orí ló ń fọwọ́ pa. Ó lè já ọ̀mùnú náà kúrò, kí iṣu fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Àmọ́ ojú ibi tó ti já a kì í pa mọ́ fún ẹni tó bá mọ iṣu.

Orí iṣu nínú béèsìbọ́ọ̀lù ni ẹsẹ̀ àti ìbọ̀wọ́, ìyẹn eré sísá àti mímú bọ́ọ̀lù. Nínú eré yìí, èèyàn lè ní kí wọ́n máa fi ìwọ̀n 20 sí 80 han agbára agbábọ́ọ̀lù, 50 sì ni ti ẹni tó wà ní àárín. Gbogbo agbára wọ̀nyí kì í lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Eré sísá ló ń kọ́kọ́ dín, kódà kí agbábọ́ọ̀lù tó pé ọdún 27. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé láti mú bọ́ọ̀lù á tẹ̀ lé e. Agbára láti gbá bọ́ọ̀lù jìnnà máa ń dúró di nǹkan bí ọdún 29 tàbí 30. Ojú tó fi ń mọ bọ́ọ̀lù tí kò yẹ kó gbá ló ń pẹ́ jù lọ. Nítorí náà, ìràwọ̀ ọmọ ọdún 28 lè máa gbá hóòmù-rọ́ọ̀nù tó pọ̀ jù láyé rẹ̀, nígbà tí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti bọ́ láti 65 sí 55. Àlàfo yẹn gan-an ni ọjọ́ ọjà: igi ṣì ń pariwo, ìbọ̀wọ́ ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Bó bá jẹ́ shortstop ni, ibi tó le jù láti dúró sí nínú àwọn tó wà láàárín pápá, ìbọ̀wọ́ tó ń ṣàárẹ̀ yóò tì í lọ sí ibùdó kẹta (third base), lẹ́yìn náà sí ibùdó kìíní (first base), níbi tí àwọn alágbára tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà ti kún fọ́fọ́. Igi kan náà tó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ shortstop di ohun tó wà káàkiri ní ibùdó kìíní. Gbígbé e lọ síbẹ̀ ni jíjá ọ̀mùnú: ó dára fún ẹni tó fẹ́ jẹ iṣu náà nílé. Ẹni tó fẹ́ tà, kó tà kó tó já a.

Aago kejì ni ti ìwé àdéhùn, ó sì yára ju ti ara lọ. Nínú líìgì tó bá tẹ̀ lé òfin Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ní agbábọ́ọ̀lù níkàáwọ́ fún sáà 6: owó kékeré ní nǹkan bíi mẹ́ta àkọ́kọ́, ní mẹ́ta ìkẹyìn adájọ́ ló ń dá owó-oṣù bí ẹgbẹ́ àti agbábọ́ọ̀lù kò bá fohùn ṣọ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn ó di òmìnira. Ẹni tó bá rà á ní oṣù Keje nígbà tí sáà méjì àtààbọ̀ kù ń ra àǹfààní ife mẹ́ta. Ẹni tó rà á nígbà tí ìdajì sáà kù ń ra ẹyọ kan, yóò sì dúnàádúrà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í jẹ́ kó kù sí sáà kan, àyàfi bí ẹgbẹ́ tiwọn gan-an bá ń lé ife lọ́dún náà.

Ajubọ́ọ̀lù yàtọ̀. Apá rẹ̀ lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sí orí tí a fẹ́ fọwọ́ pa. Dizzy Dean, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ St. Louis, farapa lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ ní 1937, ó yí bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù padà, apá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Branch Rickey, tó ń darí St. Louis, tà á fún Chicago Cubs ní 1938, ó gba dọ́là 185,000 àti agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta. Dean ò padà di ẹni tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà làwọn kan ti sọ títà ní kíá di ẹ̀sìn.

Ẹ̀sìn náà ní ìjìyà tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1965, Cincinnati fi Frank Robinson, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, gba Milt Pappas, Jack Baldschun àti Dick Simpson lọ́wọ́ Baltimore. Ní 1966 Robinson gbá hóòmù-rọ́ọ̀nù 49, òun ló sì ṣíwájú líìgì rẹ̀ nínú gbogbo òṣùwọ̀n ńlá mẹ́ta tí wọ́n fi ń wo agbábọ́ọ̀lù. Baltimore gba ife àgbáyé. Ọjọ́ ìbí ni Cincinnati kà, wọn ò fọwọ́ pa orí iṣu.

Àbùkù mìíràn tún wà níbẹ̀: mẹ́ta fún ẹyọ kan. Ààyè 26 péré ni ẹgbẹ́ ní, àwọn 9 ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tó jẹ́ 50 kò lè dúró lójú kan ṣoṣo kí wọ́n di 75, wọ́n á sì tún lé ẹlòmíì méjì kúrò lórí ìjókòó. Bí kọ̀ǹpútà bá ń fi òkìtì agbábọ́ọ̀lù báyìí lọ̀ ọ́ fún ìràwọ̀ rẹ, béèrè ọ̀dọ́ kan tó lè tó 65 lọ́jọ́ iwájú, kí o sì fi ìyókù sílẹ̀. Fún ìdí yìí kan náà, líìgì tó bá ní ọgbọ́n á yí ètò eré náà kí ó túbọ̀ ṣòro láti bá kọ̀ǹpútà ṣe pàṣípààrọ̀, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìṣòro náà bá wà nísàlẹ̀, òkìtì kan náà lo fi máa gba ìràwọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, kò sì sí adùn kankan nínú ìyẹn.

Fún ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ tàbí Kétu tó ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe eré yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣirò aago ṣe pàtàkì. Bí gbèdéke pàṣípààrọ̀ bá jẹ́ aago 11 alẹ́ New York ní ìparí oṣù Keje, aago 4 ìdájí ni lọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ tó ń lé ife kì í fi owó gidi lọ̀ ọ́ títí di wákàtí mélòó kan tó kẹ́yìn, nítorí náà ìdájí yẹn ni owó ń dára jù. Kí fóònù ti kún fún iná láti ìrọ̀lẹ́.