Òfin ìtọpinpin ìjọba àti ẹ̀tọ́ aráàlú sí àṣírí

Òfin ìtọpinpin ni òfin tó fún ìjọba láṣẹ láti tẹ́tí sí ìpè aráàlú, láti ka lẹ́tà àti ìméèlì wọn, tàbí láti gba àkọsílẹ̀ ìrìn wọn. Ó sábà máa ń forí gbárí pẹ̀lú ẹ̀tọ́ sí àṣírí. Abala 12 nínú Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn (1948) kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni máa tojú bọ ọ̀rọ̀ ẹbí, ilé tàbí lẹ́tà ẹlòmíràn láìnídìí. Apániláyà, ajínigbé àti amí ni ìjọba máa ń tọ́ka sí, irọ́ kọ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ta ni wọ́n lè ṣọ́, ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i: ibẹ̀ ni ìjà wà.

Lọ́dún 1965, ní Los Angeles, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI so ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ mọ́ ìta àgọ́ tẹlifóònù tí Charles Katz, onítẹ́tẹ́, máa ń lò. Ìjọba ní àwọn kò ṣáà wọ inú àgọ́ náà. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà kò gbà lọ́dún 1967: èèyàn ni òfin ń dáàbò bò, kì í ṣe ibi tó wà, ẹni tó ti ilẹ̀kùn àgọ́ kò fẹ́ kí ará ìta gbọ́ òun.

Nígbà tó yá, àkọsílẹ̀ ìpè (ẹni tí èèyàn pè àti ìgbà tó pè é) gba ipò ọ̀rọ̀ ẹnu nínú ìjà yìí. Ẹni tó pe dókítà jẹjẹrẹ lónìí, tó pe agbẹjọ́rò nípa ìwé ìhágún lọ́la, kò ku àṣírí kan fún un mọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ní Oṣù Kẹfà 2013, ìwé tí Edward Snowden, tó ti bá iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ rí, tú síta fi hàn pé ilé-ẹjọ́ ìkọ̀kọ̀ kan níbẹ̀ ti pàṣẹ kí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Verizon máa kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìjọba lójoojúmọ́, ti afurasí àti ti aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Òfin kan ní 2015 fòpin sí ìkójọ rẹpẹtẹ yẹn. Ní Yúróòpù, ilé-ẹjọ́ ti fagi lé irú rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin 2014: àṣẹ 2006 tó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo oníbàárà fún oṣù 6 ó kéré tán.

Nínú ẹjọ́ Timothy Carpenter (2018), ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ̀sùn olè jíjà kàn, àwọn agbófinró ti gba àkọsílẹ̀ 12,898 nípa àwọn ibi tí fóònù rẹ̀ gbà kọjá láàárín ọjọ́ 127, pẹ̀lú àṣẹ tí ẹ̀rí tó ń béèrè kò tó ti ìwé àṣẹ àyẹ̀wò. Adájọ́ 5 nínú 9 ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ìyẹn kò tó. Ìdájọ́ náà kò kan kámẹ́rà ojú títì, kò sì tú Carpenter sílẹ̀: lọ́dún 2019, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní àwọn agbófinró gba òfin ìgbà náà gbọ́ tọkàntọkàn, ẹ̀bi rẹ̀ sì dúró.