Àfọ́kù Ìgò Dúdú Àtijọ́ Létí Òkun: Bí A Ṣe Ń Rí I àti Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀

Ẹni tó bá ń ṣa àfọ́kù ìgò létí òkun kì í pẹ́ rí èyí tó funfun, èyí tó ní àwọ̀ ewé àtèyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn máa ń yọ láàárín òkúta. Èyí tó dúdú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ kọjá, torí pé òkúta gan-an ló jọ. Ó ṣeni láàánú, nítorí pé nínú gbogbo ìgò tí ìgbì ń dà sí etíkun, òun ló sábà máa ń dàgbà jù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń fi ìgbòkun rìn, tí wọ́n sì ń ju ìgò tó bá ti ṣófo sómi láìwo ẹ̀yìn.

Dúdú tí ojú ń rí yẹn, ìtànjẹ ni. Bí wọ́n bá gbé àfọ́kù náà síwájú iná tó mọ́lẹ̀ gan-an, àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ á jáde: àwọ̀ ewé tó ṣú, tàbí àwọ̀ oyin tó ki. Irin ló fà á. Iyanrìn ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ mọ́ sódà tàbí eérú àti òkúta ẹfun láti fi ṣe ìgò, bẹ́ẹ̀ iyanrìn lásán kì í ṣàìní irin nínú. Bí irin náà bá kéré, ìgò á kàn ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá pọ̀, tí ìgò náà sì tún nípọn, ìmọ́lẹ̀ ò ní lè là á já mọ́. Nínípọn yẹn ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Láti ara ìgò kan ṣoṣo, ìdí rẹ̀ lè dúdú bíi kóró iṣin, kí èjìká rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ sì jẹ́ àwọ̀ ewé kedere. Àfọ́kù méjì tí wọn ò jọra rárá lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Àwọ̀ oyin ní tiẹ̀ ń wá nígbà tí irin bá pàdé imí ọjọ́ àti èéfín nínú iná ìléru. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìlú England. Lọ́dún 1615, Ọba James Kìíní fòfin de fífi igi dáná ìgò, torí pé igi tí wọ́n nílò fún ọkọ̀ ojú omi ti ń tán lọ. Àwọn oníṣẹ́ ìgò bá yíjú sí èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀. Iná èédú gbóná ju ti igi lọ, èéfín rẹ̀ sì kún fún imí ọjọ́. Kò pẹ́ tí ìgò tó ń jáde níbẹ̀ fi ṣú, tó nípọn, tó sì le ju ìgò tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín ọdún 1630 sí 1640, Sir Kenelm Digby ni wọ́n máa ń dárúkọ mọ́ irú ìgò yìí. Àwọn ọlọ́tí fẹ́ràn rẹ̀: kì í tètè fọ́ nínú ọkọ̀, ó ń gba agbára ọtí tó ń hó mọ́ra, kì í sì í jẹ́ kí oòrùn ba ọtí jẹ́. Owó orí náà tún kún un. Láti 1745 títí di 1845, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó orí lórí gíláàsì, èyí tí wọ́n ń gbà lórí ìgò lásán sì kéré sí èyí tí wọ́n ń gbà lórí gíláàsì tó mọ́ gaara. Ta ni yóò wá máa fi gíláàsì olówó gọbọi rọ bíà?

Ìgò wọ̀nyí ló kún inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Caribbean, Amẹ́ríkà àti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú ìgò jín onígun mẹ́rin tí àwọn ará Netherlands ń kó sínú àpótí. Àwọn kan ń pe àfọ́kù rẹ̀ ní gíláàsì ajalèlókun. Orúkọ yẹn dùn-ún fi tajà ni. Ẹni tó ń mutí láàárín òkun nígbà yẹn pọ̀ ju ajalèlókun lọ fíìfíì.

Nígbà tí ìgò bá fọ́ sínú òkun, iṣẹ́ méjì ló ń lọ lórí rẹ̀ pọ̀. Ìgbì ń gbé e lu òkúta àti iyanrìn, ẹnu rẹ̀ tó mú ń ku, igun rẹ̀ ń yí róbótó. Lẹ́sẹ̀ kan náà, omi ń wọ ojú gíláàsì díẹ̀díẹ̀, ó ń fa sódà àti ẹfun inú rẹ̀ jáde, ojú náà á wá hun, kò ní dán mọ́. Ẹni tó bá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó á rí ihò kéékèèké tó tẹ̀ bíi lẹ́tà C, ọ̀kan lórí èkejì, tí kò ní ètò kankan. Àpá ìkọlù òkúta nìyẹn. Gíláàsì tí èèyàn kàn dà sínú ẹ̀rọ tó ń yí láti fi ṣe ayédèrú kì í ní in. Ojú tirẹ̀ máa ń rí bákan náà káàkiri, ó ń mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Kí àfọ́kù tó dé ipò tó dáa, ó máa ń gbà tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti dúdú tó nípọn sì lè ti lo ju ọgọ́rùn-ún ọdún.

Láti rí i, ibi tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò ni ìtàn etíkun náà. Ìgò kì í dédé wà níbì kan. Ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró láyé àtijọ́, ibi tí ìlú ń da ìdọ̀tí sí, tàbí ibi tí ilé iṣẹ́ ìgò wà ló máa ń ní in. Ní Seaham, lápá àríwá ìlà-oòrùn England, John Candlish dá ilé iṣẹ́ ìgò kan sílẹ̀ lọ́dún 1853. Títí tó fi kógbá sílé lọ́dún 1921, inú òkun ni wọ́n ń da gíláàsì tó bá ṣẹ́ kù sí, òkun ṣì ń dá a padà dòní. Fort Bragg ní California jẹ́ ààtàn ìlú láti 1906 sí 1967. Nítorí náà, ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀, àmọ́ ti ọ̀rúndún ogún ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹni tó ń wá dúdú àtijọ́ kò ní rí i níbẹ̀ bíi ti èbúté tó ti wà láti ìgbà ìgbòkun. Òfin tún wà nílẹ̀: apá etíkun Fort Bragg tó wà lábẹ́ ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n kó nǹkan kan níbẹ̀. Létí odò Thames ní London, èèyàn gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ Port of London Authority kó tó wá ohunkóhun. Port Royal ní Jamaica, tí ìmìtìtì ilẹ̀ ri púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú òkun lọ́dún 1692, kún fún ìgò àtijọ́, àmọ́ ogún tí òfin ń dáàbò bò ni, kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Lórí etíkun fúnra rẹ̀, iyanrìn tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í sábà ní nǹkan. Ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ bá tò sí ni kí ojú wà. Ìgbì máa ń ṣa nǹkan lẹ́sẹẹsẹ nípa bó ṣe tóbi tó àti bó ṣe wúwo tó. Gíláàsì wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ omi, òkúta púpọ̀ náà kò jìnnà sí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sùn síbì kan náà. Bí òkúta tó tó àtàǹpàkò bá pọ̀ níbì kan, àfọ́kù tó tó àtàǹpàkò ló máa wà láàárín wọn. Àkókò tó dáa jù ni ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn tán, pàápàá lẹ́yìn tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tí òṣùpá bá ràn mọ́jú, torí òkun máa ń fà jìnnà nígbà yẹn. Lẹ́yìn ìjì náà dáa, nítorí pé ìgbì líle máa ń gbẹ́ ohun tó ti rì mọ́lẹ̀ jáde. Kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí omi ṣì ń fà, kó má ṣe dúró dìgbà tó bá ń padà bọ̀, kó sì má kọ ẹ̀yìn sí òkun.

Òkúta tó gbẹ ló ń tú dúdú fó. Bí gbogbo nǹkan bá tutù, òkúta dúdú ń dán, gíláàsì dúdú ń dán, kò sí ìyàtọ̀. Àmọ́ bí oòrùn bá fà wọ́n gbẹ, ojú gíláàsì á hu funfun fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé eruku bò ó, òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fi ìka tó tutù kàn án, ibẹ̀ á dúdú lójú ẹsẹ̀. Oòrùn àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá dára ju ti ọ̀sán lọ fún iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà ni tọ́ọ̀ṣì wá. Iná fóònù náà tó fún ọ̀pọ̀ ìgbà, àmọ́ tọ́ọ̀ṣì kékeré tó mọ́lẹ̀ dáa jù ú lọ. Kí wọ́n rin àfọ́kù náà, kí wọ́n gbé ẹnu tọ́ọ̀ṣì lé ẹ̀yìn rẹ̀ tímọ́tímọ́, kí wọ́n sì wo etí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ jù, kì í ṣe àárín. Bí àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ oyin bá yọ létí ibẹ̀, ìbéèrè ti parí, ìgò ni. Bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀ kankan, kí wọ́n má tíì jù ú nù, nítorí ìdí ìgò máa ń nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí iná kò fi lè kọjá.

Nǹkan púpọ̀ ló ń fara wé e. Òkúta dúdú tó wá láti inú òkè oníná máa ń ní hóró kéékèèké nínú, tí awò á fi hàn. Akọ òkúta le ju gíláàsì lọ, ó lè ha á lára. Èédú fúyẹ́ lọ́wọ́, bí wọ́n bá sì fi í kọ ẹ̀yìn táìlì tí kò dán, ìlà dúdú á hàn, gíláàsì kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ike àtijọ́ náà fúyẹ́, kì í sì í tutù lọ́wọ́ bíi gíláàsì. Èyí tó ń dani láàmú jù ni ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, nítorí gíláàsì lòun náà ní ọ̀nà kan. Ihò inú rẹ̀ máa ń tóbi, kì í dọ́gba, ara rẹ̀ ń rí ìlà bíi ti nǹkan tó ṣàn, òòfà sì lè fà á nígbà mìíràn. Gíláàsì tí òkè oníná fúnra rẹ̀ ń pọ̀ jáde tún wà. Bí iná bá là á létí, àwọ̀ èéfín ló sábà máa ń fi hàn, kì í ṣe ti ewé, kì í sì í wà níbi tí kò sí irú òkè bẹ́ẹ̀ nítòsí.

Bí ó bá ti dájú pé ìgò ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ló kù. Afẹ́fẹ́ tó há sínú gíláàsì nígbà tó ń yọ́ ni ẹ̀rí tó wọ́pọ̀ jù: iná àtijọ́ kì í dúró kí gbogbo rẹ̀ jáde tán, nítorí náà, tọ́ọ̀ṣì á fi àwọn ẹyọ kéékèèké hàn nínú rẹ̀, òmíràn á ti fà gùn lápá ibi tí wọ́n fẹ́ ìgò náà sí. Ìdí ìgò ló ń sọ̀rọ̀ jù. Bó bá wọnú jìn, tí àárín rẹ̀ sì ní àpá tó rí gbágungbàgun, ibẹ̀ ni wọ́n ti lẹ ọ̀pá irin mọ́ ọn láti dì í mú nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹnu rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú nǹkan bí 1860. Ìrísí náà ń ràn wá lọ́wọ́. Ìgò tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí ikùn rẹ̀ yọ bí àlùbọ́sà jẹ́ ti nǹkan bí 1680 sí 1730. Èyí tó gùn tó sì dọ́gba láti ìdí dé èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún. Lọ́dún 1821, Henry Ricketts ti Bristol gba ẹ̀tọ́ lórí mọ́ọ̀dù onípín mẹ́ta kan, àpá rẹ̀ ni ìlà tó yí èjìká ìgò ká. Àfọ́kù èjìká tó bá ní ìlà yẹn kò lè dàgbà ju ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ. Ẹnu ìgò tún dáa: ṣáájú ẹ̀rọ tí Michael Owens mú jáde lọ́dún 1903, ọwọ́ ni wọ́n fi ń parí ẹnu ìgò, nítorí náà, ìlà mọ́ọ̀dù máa ń tán kó tó dé orí ẹnu. Bí ìlà náà bá gun ẹnu kọjá, ẹ̀rọ ló ṣe é.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù ni àfọ́kù tó ní èdìdì gíláàsì lára, òǹtẹ̀ róbótó kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò nígbà tó ṣì gbóná. Àwọn ọlọ́lá àti àwọn ilé ọtí máa ń fi orúkọ, àmì ìdílé tàbí ọdún sí i. Bí òkun kò bá tíì ha á tán, kò sí ohun mìíràn tó ń sọ ọjọ́ orí tààrà bẹ́ẹ̀.

Dúdú nìkan, láìsí èyíkéyìí nínú ẹ̀rí wọ̀nyí, kò tó. Wọ́n ṣì ń fi ìgò tó ṣú rọ wáìnì àti bíà lónìí, àfọ́kù rẹ̀ náà ń wọ òkun, òkun náà sì ń ha á. Gíláàsì tuntun sábà máa ń mọ́ nínú láìní ẹyọ afẹ́fẹ́, ó ń fẹ́lẹ́, nínípọn rẹ̀ sì ń dọ́gba. Bí etí ìdí rẹ̀ bá ní tótòtó tàbí ìlà kéékèèké tó yí i ká, èyí tó ń dáàbò bo ìdí ìgò bó ṣe ń rìn lórí ẹ̀rọ, ìgò nǹkan bí 1940 síwájú ni.